Ọjọ́ Méjì Tó Kù Nínú Àáró

Kì í ṣe ajínigbé ló lé mi kúrò nílé. Irọ́ tí mo pa fún gbogbo ènìyàn nìyẹn, mo sì pa á títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí òótọ́ lójú èmi alára. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lọ́hùn-ún pé kí ló gbé ọmọ Kàbà wá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, màá ní, "Wàhálà inú igbó ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa." Wọn á mirí, wọn á ní kú ewu. Kì í ṣe pé wàhálà ò sí. Àwọn ọ̀nà kan wà tí a kì í gbà mọ́ bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mo lọ yẹn, kò sẹ́ni tí wọ́n fọwọ́ kàn lápá ọ̀dọ̀ tiwa. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni mo sá fún, iṣẹ́ ọjọ́ méjì tí mo jẹ bàbá kan tí oko wọn bá tiwa pààlà. Mo mọ ọjọ́ tó bọ́ sí. Mo mọ ọ̀nà oko náà. Ọkọ́ mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò lọ.

Mo kàwé díẹ̀. Ó ku ọdún kan kí n jáde girama nígbà tí bàbá mi kú, mo bá tẹ̀lé ọ̀gá kan lọ sí Àbújá láti kọ́ iṣẹ́ táìsì. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ilé onílé. Mo lẹ táìsì sí bálùwẹ̀ tó tóbi ju yàrá tí àwa mẹ́rin ń sùn lọ. Nígbà tó yá, orúnkún mi dúdú, ó yi bí àtẹ́lẹsẹ̀. Ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í dá ní àdúgbò wa, tí ti ọ̀tún bá kú, ti òsì á bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ti rí fọ́nrán kan lórí fóònù. Ọ̀dọ́kùnrin kan bíi tèmi ni, ọmọ Nàìjíríà, tó ti kó kúrò ní Èkó lọ máa gbé abúlé kan lápá Ṣábẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ilé alámọ̀ ló kọ́. Ó jókòó sórí àpótí, adìẹ ń jẹ̀ kiri lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná kó lè mu ún, ó ní òun ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìkánjú mọ́. Ó ní ilẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, pé tọwọ́ tẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gba àlejò. Mo wo fọ́nrán yẹn títí dátà mi fi tán. Mo ra òmíràn, mo tún wò ó. Ó yẹ kí n ti fi ara mi rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, nítorí ilé alámọ̀ wà lóko bàbá mi, adìẹ sì kún ẹ̀yìnkùlé ìyá mi. Mi ò rí ìyẹn. Èyí tó wà lórí fóònù nìkan ni mo rí.

Mo padà sílé lóṣù tí òjò ń palẹ̀ mọ́. Inú ìyá mi dùn débi pé wọ́n pa àkùkọ. Mo sọ fún wọn pé ìlú ti sú mi, pé ìgbé ayé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni mo ń wá.

Wọ́n ní, "O káre. Oko bàbá rẹ ti di igbó. Ó ti ń dúró dè ọ́."

Mi ò sọ fún wọn pé kì í ṣe oko yẹn ló wà lọ́kàn mi. Owó ọkọ̀ ni mò ń wá. Mo rò pé kí n rí nǹkan fi ọwọ́ mú ná, kí n gbin iṣu díẹ̀, kí n wo bí nǹkan ṣe máa rí. Tí ẹ bá bi mí bóyá mo ti mọ̀ nígbà tí mo wọ àáró yẹn pé mi ò ní dúró parí rẹ̀, mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀.

Lọ́dọ̀ wa, ènìyàn kì í dá kọ ebè iṣu tí ọwọ́ bá wà tó lè bá a kọ ọ́. Àáró là ń ṣe. Ẹ ó kó ara yín jọ, ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà, gbogbo yín á lọ sóko ẹnìkan, ẹ ó bá a ṣe é fún iye ọjọ́ tí ẹ bá dá, lẹ́yìn náà ẹ ó kọjá sí ti ẹlòmíì, títí yóò fi kárí. Kò sí owó níbẹ̀. Olóko á pèsè oúnjẹ, ó tán. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ìwọ tí a ṣe tìrẹ, o gbọ́dọ̀ ṣe tiwa, àkókò rẹ̀ kò sì gùn. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí ilẹ̀ bá le, ọkọ́ á máa ta padà bí ìgbà tí ènìyàn ń lu páànù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, àwa márùn-ún jókòó síwájú ilé bàbá tí mo wí yẹn. Àwọn ló dàgbà jù láàrin wa. Mùsùlùmí ni wọ́n, àwa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ àwọn àti bàbá mi ti jọ ń ṣe àáró láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tíì fẹ́yàwó. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yòókù, ọkùnrin kan tó máa ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ ṣe àwàdà, gbá ọwọ́ mi mú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ẹ wo ọwọ́ Àbújá! Àbúrò, ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe táìsì la fẹ́ lẹ̀ o?"

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Tí a bá kọ ebè tán, má wá máa fi okùn wọ̀n ọ́n bóyá ó gún o."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Àwọn ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe tiwọn, nítorí àgbà ni wọ́n. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ yìí. Igbó ti bo ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹ fi tèmi ṣe ìkẹyìn."

Aláwàdà yẹn ní, "Bàbá, ilẹ̀ á ti máa le nígbà tó bá máa fi kàn yín o."

"Kó le. Kí ni ilẹ̀ fẹ́ fi àwa márùn-ún ṣe?"

Bí wọ́n ṣe fún mi ní ipò wọn nìyẹn. Ọjọ́ méjì-méjì la fi sí.

Mo ti ṣán igbó náà sílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Bàbá náà ń kọ ebè bí ẹni tí kò kánjú rárá, síbẹ̀ àwọn ló máa ń ṣíwájú wa. Nígbà tí ọwọ́ mi bó, wọ́n ń kọ èyí tí mo bá dá sílẹ̀ mọ́ tiwọn. Tí àkókò ìrun bá tó, wọ́n á bu omi láti inú ike tí wọ́n máa ń gbé wá, wọ́n á ṣe àlùwàlá, wọ́n á kírun lórí àpò símẹ́ńtì tí wọ́n là, wọ́n á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá mi gún iyán, wọ́n gún un bí ẹni pé ìsìnkú la fẹ́ ṣe. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ebè ti lọ láti etí ọ̀nà títí dé ìdí igi irú tí bàbá mi máa ń jókòó sí. Mo dúró, mo wò wọ́n. Wọ́n dára lójú. Ó yẹ kí ara mi balẹ̀. Ńṣe ni mo gun orí òkúta kan tí mo ń wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.

Mo bá àwọn mẹ́ta yòókù ṣe tiwọn, mi ò ní purọ́ lórí ìyẹn, mo ṣe é pé. Nígbà tó wá ku ọjọ́ mélòó kan kó kan bàbá náà, olùkọ́ kan láti ìlú Ìyàrá wá bá mi. Kò ráyè kọ ebè, ó sì fẹ́ gbin iṣu lọ́dún náà. Ó béèrè bóyá mo lè gbé tèmi fún un bó ṣe wà. Mo gbé e fún un, mo gba owó. Ọwọ́ ẹni márùn-ún ló kọ ebè wọ̀nyẹn. Èmi nìkan ni mo tà wọ́n. Owó yẹn ni mo fi wọkọ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ bàbá náà gan-an ni mo lọ. Ìyá mi rò pé oko ni mò ń lọ, wọ́n di iṣu sísè sínú ọ̀rá fún mi. Báàgì mi ti wà lọ́dọ̀ ọlọ́kadà láti àná. Bí a ṣe ń já ọ̀nà ńlá ni mo rí bàbá náà níwájú, ọkọ́ lórí èjìká, ike àlùwàlá lọ́wọ́. Mo fa fìlà bojú. Wọ́n yà sẹ́bàá ọ̀nà kí eruku má bò wọ́n, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n kí wa ní ìkíni ilẹ̀ wa bí wọ́n ṣe máa ń kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá.

"Okun o!"

Ọlọ́kadà dáhùn. Èmi ò dáhùn.

Láti Ìlọrin ni mo ti pe ìyá mi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ pa irọ́ ajínigbé yẹn. Wọ́n wá ní, "Ọkọ́ rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbí." Wọ́n sì pa fóònù.

Mo sùn ní Ṣakí, mo gun ọ̀kadà sọdá ẹnubodè ní ọjọ́ kejì. Ẹni tó wà nínú fọ́nrán yẹn ni mo kọ́kọ́ ń wá. Mo fi àwòrán rẹ̀ han àwọn ènìyàn lórí fóònù mi. Obìnrin kan tó ń ta epo bẹntiróòlù nínú ìgò létí ọ̀nà wò ó, ó pòṣé.

"Òun nìyẹn. Ó ti padà sí Èkó. Ó ní ẹ̀fọn pọ̀."

Ó yẹ kí n yíjú padà níbẹ̀. Mo ní kò burú, òun ni kò lè fara dà á, èmi ọmọ oko ni mí.

Mo wo abúlé mẹ́ta. Èkíní sún mọ́ ọ̀nà ọlọ́dà jù, ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá tọ̀sán tòru, mo ní èyí kì í ṣe ohun tí mo wá. Oṣù méjì ni mo lò níbẹ̀. Ní èkejì, omi jìnnà, àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì ń bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Mo bá wọn kórè kaṣú tán, mo kúrò. Ẹ̀kẹta ló dára. Odò kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, igi máńgòrò wà láàrin agbo ilé, Yorùbá wọn yé mi, tèmi sì yé wọn àfi ìgbà tí wọ́n bá da Faransé pọ̀ mọ́ ọn. Bí mo ṣe ń fa ọ̀rọ̀ ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Opó kan tó ń dín gààrí ló gbà mí sílé. Wọ́n fún mi ní yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká àgbàdo, wọ́n gbé àpótí kan síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ fún mi. Àpótí, adìẹ, ilé alámọ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú fọ́nrán ló pé.

Mi ò lè jókòó sórí àpótí náà. Màá jókòó, màá dìde. Màá lọ sódò, màá padà, màá gbálẹ̀ ibi tí wọ́n ti gbá, màá gun òkè lọ wo bóyá fóònù á mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà. Tí ó bá mú un, màá wo nọ́ńbà ìyá mi, mi ò ní pè. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mo wá gbà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ti dákẹ́, "Okun o" yẹn ni mò ń gbọ́.

Màmá onígààrí yẹn ń wò mí. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o ò nílé ni?"

"Mo nílé, mà."

"Ṣé wọ́n lé ọ ni?"

"Rárá, mà. Wàhálà inú igbó ni."

"Èmi ò bi ọ́ ní ti igbó. Kí ni gbogbo rírìn tí ò ń rìn káàkiri yìí? Àpótí tí mo gbé fún ọ, adìẹ ló ń jókòó lé e."

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn ò kúrò lára mi. Mo ń bó ẹ̀gẹ́ lọ, mo ń rò ó. Iṣu ni wọ́n ń gbìn níbí. Kaṣú ni wọ́n ń kó. Ilẹ̀ wọn pupa bí ilẹ̀ wa. Gbogbo ibẹ̀ ló jọ ilé. Mo ti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ láti lọ bá ilé mi níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ ohun tí mo ṣe.

Nígbà tí òjò ọdún yẹn ń lọ sópin, mo sọ fún baálé abúlé pé mo fẹ́ dúró, kí wọ́n fún mi nílẹ̀ dá oko. Wọ́n ní ilẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kí n wọ inú àwọn ọkùnrin tó ń bá ara wọn kọ ebè ná. Wọ́n ní orúkọ tiwọn fún un, àmọ́ àáró náà ni, kò yàtọ̀. Àwa méje ni, baálé náà wà nínú wa. Mo jókòó sáàrin wọn lábẹ́ máńgòrò, baálé sì sọ ohun tí mo ń bẹ̀rù kó tó jáde lẹ́nu wọn.

"Àlejò wa la ó fi bẹ̀rẹ̀. Igbó tí a fún un le."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi ṣe ìkẹyìn." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo mọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ rí.

Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní, "Ó fẹ́ kó ti rẹ̀ wá ká tó dé ọ̀dọ̀ òun, kí ìyá onígààrí lè fi iyán díẹ̀ rọra yó wa." Mo fara mọ́ ọn. Mo bá àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan la fi ń ṣe tiwọn. Èmi ni mò ń kọ́kọ́ dé oko, èmi ni mò ń kúrò kẹ́yìn, ọwọ́ mi kò sì bó mọ́. Wọ́n ń yìn mí. Ìyìn yẹn kò dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ tèmi pé. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé pẹ̀lú ọkọ́. Láti ilé ni odó màmá onígààrí ti ń dún. Wọ́n ní kí n la ebè àkọ́kọ́, nítorí olóko ló ń là á. Mo gbé ọkọ́ sókè. Mo gbé e sílẹ̀.

Baálé ní, "Ṣé ilẹ̀ náà ò wù ọ́ mọ́ ni?"

"Ó wù mí, bàbá."

"Ara rẹ ò yá?"

"Ara mi yá. Ẹ má kọ ebè kankan fún mi. Mo jẹ ẹnìkan nílé."

"Owó?"

"Kì í ṣe owó. Ọjọ́ méjì."

Mi ò ní láti ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ ọjọ́ méjì fún àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn. Ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́ máńgòrò, òun ló béèrè, "Wọ́n ṣe tìrẹ tán, o wá sá?"

"Mo sá."

"Ebè tìrẹ ńkọ́?"

"Mo tà á."

Baálé jókòó sórí òkìtì igbó tí mo ti ṣán. Wọ́n ní, "Ajínigbé tí o sọ fún wa yẹn ńkọ́?"

"Kò sí ajínigbé."

Baálé wo ilẹ̀ náà. "Ó dára. Ṣé o mọ ohun tí o wá ṣe fún wa báyìí? Àwa la wá jẹ ọ́. Gbogbo wa. Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Mo ní bóyá kí wọ́n jẹ́ kí ó pa gbèsè tọ̀hún rẹ́. Wọ́n gbọn orí.

"A ò mọ bàbá yẹn. Kò kọ ebè kankan fún wa rí. Lọ ṣe tirẹ̀, kí o padà wá gba tìrẹ. Tí o bá padà."

Màmá onígààrí dé pẹ̀lú iyán lórí, wọ́n bá wa níbi tí a dúró sí bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n gbé abọ́ kalẹ̀. "Ẹ jẹ ẹ́ ṣá. Mi ò ní gbé iyán padà sílé." A jẹun. Lẹ́yìn náà ni mo lọ di báàgì mi.

Ó lé lọ́dún kan tí mo ti kúrò nílé nígbà tí mo dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi, títí kan fọ́nrán yẹn. Wọn kò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n gbé omi fún mi, wọ́n jókòó, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń ka nǹkan.

"Lọ́jọ́ tí o lọ, kò pẹ́ tí o pè tán ni aláwàdà yín wá wò ọ́, ó ní wọ́n ti ń dúró. O ò sí. Mo mú ọkọ́ rẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo lọ."

Obìnrin kì í kọ ebè iṣu lọ́dọ̀ wa. Obìnrin á ro oko, á gbìn, á kórè, á gbẹ́rù, ṣùgbọ́n ebè, iṣẹ́ ọkùnrin ni. Mo wo ọwọ́ wọn.

"Ẹ kọ ọ́?"

"Mo kọ mẹ́rin. Ìkẹrin ò dúró dáadáa. Ibẹ̀ ni bàbá ti rí mi, wọ́n gba ọkọ́ náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, 'Ìyàwó, máa lọ sílé. Ọmọ rẹ ló jẹ mí, kì í ṣe ìwọ.'"

Wọ́n wá sọ ìyókù. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ìròyìn dé oko pé mo ti ta ebè mi. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà bínú, ó ní òun ò lè ṣe iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Èkejì tẹ̀lé e. Ó ku bàbá àti aláwàdà. Wọ́n ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe kí ilẹ̀ tó le. Ìdajì èbù iṣu tí bàbá ti gé sílẹ̀ ló jẹrà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó pe àáró jọ mọ́ ní apá ibẹ̀. Kálukú ń kọ èyí tí agbára rẹ̀ bá ká.

Mo mú ọkọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gba ọ̀nà oko náà. Mo ti ń sọ ohun tí màá wí lẹ́nu láti ilé. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Igi kaṣú kéékèèké ló wà lórí ilẹ̀ náà, ní ìlà, láti òkè délẹ̀. Bàbá jókòó sábẹ́ ahéré wọn, wọ́n ń bó ẹ̀pà. Wọ́n ti rù.

"Okun o, bàbá." Mo dọ̀bálẹ̀.

"Okun. Dìde, ilẹ̀ tutù." Wọ́n bó ẹ̀pà méjì mẹ́ta sí i. "Ìyá rẹ wá lálẹ́ àná, ó ní ilé alámọ̀ lo lọ wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i."

"Èyí tí a jókòó sí yìí ńkọ́? Kí lo rò pé wọ́n fi mọ ọ́n?"

Mo ní, "Bàbá, mo wá ṣe ọjọ́ méjì mi."

Wọ́n wo ọkọ́ ọwọ́ mi, wọ́n wo oko. "Kaṣú kì í gba ebè."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín ro ó."

"Tí mo bá fẹ́ ro oko, mo mọ ẹni tí mo máa pè. Ebè lo jẹ mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ iye tí ó tó, màá wá a..."

Wọ́n dá ẹ̀pà dúró. "Ṣé owó ni mo kó wá sóko yín lọ́jọ́ yẹn?"

Ẹyẹ kan ń ké nínú igi irú wa lódìkejì ààlà. Mo béèrè bóyá wọn ò ní gbin iṣu mọ́ rárá.

"Ẹ̀yìn mi ò gbà á mọ́. Àfi tí ọwọ́ bá pé."

Nígbà tí mo ń lọ ni mo rí i pé kaṣú náà ò dé ààlà wa. Ilẹ̀ kan wà níbẹ̀, ó gùn, ó fẹ̀ díẹ̀, wọ́n ro ó mọ́ tónítóní, wọn ò gbin nǹkan kan sí i. Mo padà, mo béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní, "Ilẹ̀ ni." Wọ́n ń bó ẹ̀pà wọn lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ láti ilé dé ilé, kí àáró wa lè tún padà jọ. Ẹni tó kọ́kọ́ bínú kúrò kò tiẹ̀ ní kí n jókòó. Èkejì ní òun á rò ó, ó sì ti ń rò ó láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Aláwàdà ló gbà, ṣùgbọ́n kò gbà láìfi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní, "Ta la máa kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí? Má sọ fún mi pé ìwọ ni o, torí màá wá dè ọ́ mọ́gi."

Mi ò ní sọ pé ara mi ti balẹ̀. Mo ṣì máa ń rìn káàkiri. Òkúta tí mo máa ń gùn torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo ṣì ń gùn ún. Màmá onígààrí máa ń pè mí látorí fóònù ọmọ wọn, wọ́n á ní adìẹ ti gba àpótí mi pátápátá. Ní Ṣábẹ̀, ẹni mẹ́fà ló jẹ mí ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá lọ lónìí, wọ́n á kọ oko kan fún mi parí kí òṣùpá tó yọ, kò sì sẹ́ni tó máa bi mí ní ìbéèrè kankan. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ti di báàgì tán.

Òjò tún ti ń palẹ̀ mọ́. Mo ti pọ́n ọkọ́ mi. Lánàá, mo tún lọ bá èkejì yẹn nílé rẹ̀ ní ẹ̀bá ọjà Kàbà, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Bí mo ṣe ń bọ̀, bàbá náà jókòó síwájú ilé wọn, ike àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n béèrè pé ẹni mélòó ló ti gbà.

"Ẹnìkan, bàbá."

"Pẹ̀lú ìwọ?"

"Ó di méjì pẹ̀lú mi."

Wọ́n gbé ike náà, wọ́n dìde lọ síbi ìrun. Ilẹ̀ ẹ̀bá ààlà wa yẹn ṣì rọ̀. Mo jẹ wọ́n ní ọjọ́ méjì.